Eérú Gbígbóná ní Òpópónà Barbara Mímọ́

Rudzinek, Sílísíà,
14 Oṣù Kẹwàá

Achim ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí èjìká rẹ tó ń dùn ọ́, mo sì kí ọ̀gá rẹ ní Duisburg, ní Jámánì lọ́hùn-ún, tí kì í jẹ́ kí èjìká náà sinmi. Ìbọ̀sẹ̀ onírun tí o fi ránṣẹ́ bá mi lẹ́sẹ̀ mu. Mo mọ̀ pé o pè mí lórí fóònù lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ohùn rẹ dà bí ohùn ẹni tó ki orí bọ inú garawa. Etí mi ti fẹ̀yìn tì lẹ́yìn ìgbà tí èmi fúnra mi fẹ̀yìn tì. Lẹ́tà ló kù fún wa.

Ìròyìn wà. Ìlú wa ti ra ọkọ̀ akólẹ̀ tó ń lo gáàsì háídírójìn, irú èyí tí ìwọ ń wà lọ́hùn-ún. Funfun ni, ó ń dán bí eyín ọmọ ọwọ́. Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n ṣí i níwájú ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn awakùsà tó ń fun fèrè wọ aṣọ dúdú wọn, àlùfáà wọ́n omi ìbùkún sára táyà, olórí ìlú sì sọ̀rọ̀ nípa ọjọ́ iwájú títí ọjọ́ iwájú fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bá wa níbẹ̀. Ó ní kò sí èéfín, kò sí òórùn, omi lásán ló ń jáde nídìí ọkọ̀ náà. Láti fi hàn wá, ó gbé ife sẹ́nu páìpù. Omi kò tètè kán. Gbogbo wa dúró nínú òtútù, a ń wo olórí ìlú tó bẹ̀rẹ̀ sídìí ọkọ̀ ìdọ̀tí bí ẹni tó ń fún wàrà lára màlúù. Nígbà tó rí ẹ̀kán díẹ̀, ó mu ún, ó ní ó dùn. Ojú rẹ̀ kò fara mọ́ ohun tí ẹnu rẹ̀ sọ. Gerta ojúlé kejì tó dúró tì mí ní, "Olùkọ́, ṣé kò kúkú sí omi nílé rẹ̀ ni?"

Lẹ́yìn ètò náà, Bednorz wá bá mi. Òun ni ọ̀gá ilé-iṣẹ́ ìkólẹ̀ báyìí, ṣùgbọ́n nínú kíláàsì mi, ẹ̀yìn pátápátá ló máa ń jókòó sí. Ó ní Zyga tí àwọn fi ọkọ̀ náà lé lọ́wọ́ máa ń gbàdúrà kí ó tó ṣíná ọkọ̀, àdúrà náà sì ń gùn sí i lójoojúmọ́. Mo ní ọmọ mi ti wa irú rẹ̀ fún ọdún mẹ́ta láìjẹ́ pé ó di àlùfáà. Ó ní kí o kọ̀wé béèrè iṣẹ́ náà lọ́wọ́ òun.

Mi ò bẹ̀ ọ́ o. Àga méjì ló dojú kọra nínú ilé ìdáná wa látìgbà tí ìyá rẹ ti lọ, ọ̀kan ṣófo. Bí àga ṣe wà ni mo kàn ń sọ.

Gerta kí ọ. Ó ní kí o máa jẹun.

Bàbá rẹ,
Teofil Kuczera


Duisburg,
3 Oṣù Kọkànlá

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú àtijọ́, ẹ kú ìdánìkanwà, ẹ sì kú ọjọ́ ìrántí àwọn òkú. Mo mọ̀ pé ẹ ti tan fìtílà sórí ibojì Màmá láìsí èmi. Ẹ má bínú. Ìsinmi ọjọ́ kan kò tó fún ọkọ̀ ojú irin láti gbé mi dé kí ó tún gbé mi padà.

Ẹ má jẹ́ kí ọkọ̀ funfun yẹn tàn yín o. Ìdọ̀tí ni ìdọ̀tí ń jẹ́, gáàsì yòówù tí ì báà máa gbé e. Ohun tó yàtọ̀ ni pé ọkọ̀ náà kì í pariwo. Láyé dísẹ́ẹ̀lì, àwọn ènìyàn á ti gbọ́ wa láti òpópónà kejì, wọ́n á sì sáré gbé garawa wọn síta. Báyìí, a ti kọjá kí wọ́n tó mọ̀, wọ́n á máa fi aṣọ oorun lé wa kiri. Obìnrin kan sọ fún mi pé ìrìn olè ni mò ń rìn.

Gáàsì náà, ara omi ni wọ́n ti ń fi iná mànàmáná yọ ọ́. Wọ́n á kì í sínú àwọn àgbá tó wà lẹ́yìn orí awakọ̀, ọkọ̀ á tún sọ ọ́ di iná mànàmáná, táyà á máa yí. Tí ẹ̀rọ tí a fi ń bu gáàsì bá ṣàìsàn láàárọ̀, gbogbo wa á jókòó máa wo ara wa. Ṣùgbọ́n àwọn méjì tó ń dì mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ mi kì í wúkọ́ mọ́, Bàbá. Nítorí ìyẹn nìkan ni mo ṣe fẹ́ràn rẹ̀.

Ó ti rẹ̀ mí. Kì í ṣe ọkọ̀ ló ń rẹ̀ mí. Èdè ẹlòmíràn tí mò ń sọ láti àárọ̀ títí mo fi ń bọ́ bàtà, àti àga tèmi náà tí ó dojú kọ ògiri. Mo ti kọ̀wé sí Bednorz.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ààrò èédú yín ńkọ́? Mò ń wa ọkọ̀ tí kò ní èéfín, bàbá tó bí mi sì ń mí èéfín sínú. Àyà yín ń hó bí ìkòkò. Ìlú ń fún àwọn ènìyàn lówó kí wọ́n wó ààrò wọn, kí wọ́n fi ẹ̀rọ gáàsì rọ́pò rẹ̀. Kí ló dé tí ẹ̀yin nìkan kò gbà á?

Ọmọ yín,
Achim


Rudzinek,
22 Oṣù Kọkànlá

Achim, oníwàásù mi,

Mo rí ìwàásù rẹ gbà, mo sì dúpẹ́ pé o kò gbé igbá ọrẹ tẹ̀ lé e.

Ìròyìn rere ni kí n kọ́kọ́ sọ. Bednorz ti rí ìwé rẹ. Ó ní lẹ́yìn ọdún Barbara Mímọ́, ẹni mímọ́ tó ń ṣọ́ àwọn awakùsà, ni òun máa buwọ́ lu iṣẹ́ rẹ, nítorí o mọ̀ pé kò sí ẹni tó ń buwọ́ lu ohunkóhun nílùú awakùsà kí ọdún náà tó kọjá, àfi ìwé gbèsè ọtí.

Ó wá ku ti ààrò. Gbogbo òpópónà wa ló ti buwọ́ lùwé pé àwọn ti wó ààrò àwọn, wọ́n sì ti gba owó ìlú. Gbogbo wọn náà ló ṣì ní ààrò. Tí o bá dúró níwájú ilé wa lọ́jọ́ Àìkú, nígbà tí ẹran ń jinná lọ́wọ́, èéfín tó ń jáde nílé àwọn tí kò ní ààrò pọ̀ ju tèmi lọ. Mo mọ̀ pé mi ò ní wó tèmi, ni mo ṣe kọ̀ láti buwọ́ lùwé. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé èmi nìkan ni ilé-iṣẹ́ ìkólẹ̀ fún ní garawa irin tí a ń da eérú sí. Àwọn ẹni mímọ́ tí mò ń bá gbé kò ní eérú. Ibi tí eérú wọn ń wọlé sí, Ọlọ́run mọ̀ ọ́n, garawa ìdọ̀tí ilé ìdáná wọn náà sì mọ̀ ọ́n.

Tí o bá dé, a ó jà lórí ààrò náà lójúkojú. Ìjà inú lẹ́tà ti sú mi. Kí èsì ìbínú tó dé, mo ti gbàgbé ohun tí mo tìtorí rẹ̀ bínú.

Mo ti gbọn eruku lórí bẹ́ẹ̀dì rẹ.

Bàbá rẹ


Duisburg,
10 Oṣù Kejìlá

Bàbá mi,

Ẹ kú ewu iná. Mo dúpẹ́ pé kò sí ẹni tó fara pa.

Bednorz kọ̀wé sí mi. Ó ní níwájú ilé wa gan-an ni ọkọ̀ ti gbiná láàárọ̀ ọjọ́ kejì Barbara Mímọ́, àti pé eérú gbígbóná tí ẹnì kan dà mọ́ ìdọ̀tí ló fà á. Ó ní ilé kan ṣoṣo ló ní eérú ní òpópónà náà. Ó ní kí n gba òun nímọ̀ràn, ṣé kí òun wá fi ọkọ̀ náà lé ọmọ ẹni tó jó o lọ́wọ́?

Bàbá, mo ti sọ fún ọ̀gá mi níbí pé mò ń lọ. Wọ́n ti rí ẹni tó máa gba àyè mi. Tí ilé kò bá gbà mí, mi ò mọ ibi tí mo máa wà nígbà tí ìrì dídì bá yọ́.

Ìbéèrè kan ni mo ní. Ṣé eérú yín ni?

Achim


Rudzinek,
19 Oṣù Kejìlá

Achim,

Mo kí ọ fún ìpalẹ̀mọ́ Kérésì. Jẹ́ kí n ròyìn bí ó ṣe ṣẹlẹ̀, nítorí ohun tí wọ́n ń sọ nílùú ti ga ju ilé ṣọ́ọ̀ṣì lọ.

Ìdí fèrèsé ni mo wà. Mi ò gbọ́ ọkọ̀ náà, mo kàn rí i ni. Bí wọ́n ṣe gbé garawa ilé mélòó kan sínú rẹ̀ ni èéfín bẹ̀rẹ̀ sí í jáde nídìí rẹ̀, ọkọ̀ tí wọ́n ní kò ní èéfín. Àwọn tó wà lẹ́yìn fò sílẹ̀, wọ́n ké sí Zyga. Ìwọ fúnra rẹ ti sọ fún mi rí pé tí ìdọ̀tí bá gbiná, ṣe ni kí awakọ̀ da gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ lójú títì kí iná má baà dé ibi tí àgbá gáàsì wà. Zyga kò da nǹkan kan sílẹ̀. Inú ṣọ́ọ̀ṣì ló sá wọ̀. Iná wá gbóná dé ọ̀dọ̀ àwọn àgbá, ìdérí wọn ṣí, gáàsì náà sì jáde lọ sókè tààrà, ó gbiná, ó ń kígbe bí ẹgbẹ̀rún ìkòkò tí omi ń hó nínú wọn. Èmi adití gbọ́ ọ. Lẹ́yìn náà ó dákẹ́. Ọkọ̀ kò bú gbàmù, ilé kò wó. Ìdí ọkọ̀ ló jó, àti fìlà Zyga tó jábọ́.

Olórí ìlú ti sọ báyìí pé láti ìbẹ̀rẹ̀ ni ọkàn òun kò ti balẹ̀ sí gáàsì yẹn. Omi tó mu ni ó jọ pé ó ń bá a jà nínú. Dísẹ́ẹ̀lì ti padà sójú títì, gbogbo wa ti ń wúkọ́ bó ṣe yẹ.

Ìbéèrè rẹ dé ọ̀dọ̀ mi. Gbogbo ọjọ́ ayé mi ni mo fi ń bi àwọn ọmọ léèrè ta ló fọ́ fèrèsé. Ohun tí mo rí kọ́ ni pé ẹni tó bá tètè dáhùn kì í sábàá jẹ́ ẹni tó fọ́ ọ, ẹni tó fọ́ ọ sì sábàá ní ìdí. Jẹun dáadáa lọ́jọ́ ọdún.

Bàbá rẹ


Duisburg,
29 Oṣù Kejìlá

Bàbá,

Ẹ kú ọdún. Mo jẹun dáadáa. Èmi àti ògiri la jọ jẹ ẹ́.

Mo bi yín ní ìbéèrè tí èsì rẹ̀ kò ju ọ̀rọ̀ kan lọ, ẹ fi fèrèsé dá mi lóhùn. Tí ọmọ kíláàsì yín bá dá yín lóhùn bẹ́ẹ̀, ẹ̀ bá ní kó dúró sígun yàrá. Ọdún mẹ́ta ni mo fi ń bẹ̀ yín lórí ààrò yẹn. Ẹ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, ẹ pè mí ní oníwàásù. Ní báyìí ó ti jó ọkọ̀, ó ti jó iṣẹ́ mi, ó sì kù díẹ̀ kó jó àwọn méjì tó wà lẹ́yìn ọkọ̀. Àwọn ni mò ń rò. Irú wọn ló máa ń bá mi jẹ búrẹ́dì láàárọ̀.

Tí kì í bá ṣe tiyín, ẹ sọ fún Bednorz. Tó bá jẹ́ tiyín, ẹ sọ fún èmi. Ẹ má kàn dákẹ́.

Achim


Duisburg,
25 Oṣù Kìn-ín-ní

Bàbá,

Ṣé ẹ wà láàyè? Mo pe fóònù yín títí, kò sí ẹni tó gbé e. Mo ti ń kọ́ ẹni tó máa gba ipò mi bí wọ́n ṣe ń bu gáàsì. Ó gbọ́n. Kò ní pẹ́ tí wọn ò ní nílò mi mọ́.

Ẹ kàn kọ orúkọ yín sórí ìwé kí ẹ fi ránṣẹ́.

Achim


Rudzinek,
6 Oṣù Kejì

Achim ọmọ mi,

Àǹtí Gerta rẹ ni, lọ́dọ̀ àwọn Musioł, ojúlé kejì. Mo kí ọ gan-an. Má wo bí mo ṣe ń kọ ọ́, ọwọ́ mi ti le. Bàbá rẹ wà láàyè, ikọ́ ló gbé e ṣánlẹ̀ ṣùgbọ́n ó ti ń dìde. Lẹ́tà rẹ ló máa ń wà lábẹ́ ìgò ojú rẹ̀. Ó máa ń bẹ̀rẹ̀ èsì, á sì ju ú sínú ààrò.

Èmi ni, Achim. Eérú mi ni.

Èmi náà buwọ́ lùwé pé mo ti wó ààrò mi. Mi ò wó o. Ẹ̀rọ gáàsì tí wọ́n gbé wá ń mú ilé gbóná, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n o mọ̀ pé lọ́jọ́ Barbara Mímọ́ mo máa ń se ẹran wíwé fún Ernest ọkọ mi, pẹ̀lú kluski, ọ̀dùnkún gígún tí a ń ká roboto, àti kábéèjì pupa, mo sì máa ń gbé àwo rẹ̀ kalẹ̀ níbi tó máa ń jókòó sí kí kòtò èédú tó gbà á lọ́wọ́ mi. Ẹran yẹn kì í jinná bó ṣe yẹ lórí gáàsì. Mo ti gbìyànjú. Ó dà bí oúnjẹ ilé ìwòsàn. Ni mo bá da èédú sínú ààrò. Ní àárọ̀ kejì eérú ṣì gbóná, garawa sì gbọ́dọ̀ wà níta kí ilẹ̀ tó mọ́. Mo fi ìwé ìròyìn wé e, mo kì í sáàárín èèpo ọ̀dùnkún kí wọ́n má baà rí i. Bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe máa ń ṣe é. Gbogbo wa la máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ níhìn-ín, ó kàn jẹ́ pé tèmi ló gbiná.

Bàbá rẹ rí mi láti ojú fèrèsé rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì mo wọ kóòtù mi, mo ní mò ń lọ bá Bednorz. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà. Ó ní, "Jókòó, Gerta. Wọ́n á gba owó ìlú padà lọ́wọ́ rẹ, wọ́n á sì gba ilé mọ́ ọn. Kí ni wọ́n fẹ́ gbà lọ́wọ́ èmi? Orúkọ? Mo ti lò ó pẹ́." Garawa irin rẹ̀ kún fún eérú tirẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Ẹni tó bá ṣí i máa mọ̀ pé kì í ṣe òun. Kò ní kí wọ́n ṣí i.

Mo bi í pé Achim ńkọ́? Ó wá ní, "Ìwọ lo pa ojú Otylia ìyàwó mi dé, Gerta. Èmi ń sunkún ní ilé ìdáná, Achim wà lójú títì ní Jámánì. Èmi àti Achim ló jẹ ọ́ ní gbèsè, a ó jọ san án." Mo ní kó kọ ìyẹn sí ọ. Ó ní irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, tí bàbá bá kọ ọ́ sọ́mọ, ó ti di ẹ̀sùn.

Lẹ́tà yìí ti di tìrẹ. Fi han ẹni tó bá wù ọ́. Mo ti palẹ̀ ọkàn mọ́.

Gerta


Duisburg,
15 Oṣù Kejì

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ pẹ̀lẹ́. Ẹ kú ikọ́, ẹ kú ìrọ́jú.

Àǹtí Gerta kọ̀wé sí mi. Ẹ má bá a wí. Mo fi lẹ́tà náà sápò, mo gbé e kiri lẹ́nu iṣẹ́ fún ọjọ́ díẹ̀. Ní gbogbo ibi tí a bá ti dúró, mo máa ń fọwọ́ kàn án. Iṣẹ́ mi wà nínú rẹ̀. Kí n kàn fi sínú àpò ìwé míràn, kí n kọ orúkọ Bednorz sí i, ó parí.

Mo sun ún, Bàbá. Mo sun ún nínú àwo, mo sì jókòó tì í títí eérú rẹ̀ fi tutù kí n tó dà á nù. Ẹ jẹ́ kí Àǹtí mọ̀.

Mo wá kọ̀wé tèmi sí Bednorz. Mi ò sọ pé ẹ jẹ̀bi, mi ò sì sọ pé ẹ kò jẹ̀bi. Mo ní: ọ̀gá, ọmọ ilé tí ẹ ń fura sí ni mí lóòótọ́. Ẹ wá awakọ̀ míràn lọ, kí ẹ wò ó bóyá ẹ máa rí ẹni tó máa ṣọ́ eérú ju ọmọ ilé yẹn lọ. Mo tún sọ fún un pé gáàsì tó fò sókè yẹn kò ṣìṣe. Bí wọ́n ṣe kọ́ ọ gan-an nìyẹn, pé tí ooru bá pọ̀ kó gba òkè lọ kó má bú mọ́ ènìyàn. Ó fúyẹ́, òkè náà ló sì ń wù ú. Ẹni tó sá ni kò mọ iṣẹ́ rẹ̀, kì í sì í ṣe ẹ̀bi tirẹ̀ náà, wọn ò kọ́ ọ.

Mi ò mọ̀ bóyá ó máa gbà. Ó ti rẹ̀ mí débi pé mi ò lè bínú mọ́. Nípa ti Màmá, ẹ̀ bá ti kọ ọ́. Mo ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé mi ò sí níbẹ̀.

Ọmọ yín,
Achim


Rudzinek,
8 Oṣù Kẹta

Achim mi,

Mo kí ọ pẹ̀lú àyà tí kò hó mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀.

Bednorz wá sílé. Ó jókòó sórí àga tó ṣófo yẹn láìbi mí, ó sì gbé ọ̀rọ̀ jáde bí ẹni tó ń ka ìwé òfin: pé lẹ́yìn àgbéyẹ̀wò tó jinlẹ̀, ilé-iṣẹ́ náà ti pinnu láti nawọ́ ìfọwọ́sowọ́pọ̀ sí ẹni tó kúnjú òṣùwọ̀n. Mo ní, "Bednorz, ṣé kò sí ẹni tó fẹ́ wọ ọkọ̀ náà ni?" Ó ní, "Kò sí, Olùkọ́." Wọ́n ti tún ìdí rẹ̀ ṣe, ó wà nínú ọgbà wọn, àwọn awakọ̀ ń gba ibòmíràn kọjá kí wọ́n má baà súnmọ́ ọn. Wọ́n á kọ́kọ́ dán ọ wò. Owó rẹ̀ kò tó ti Jámánì, mi ò ní tàn ọ́.

Wọ́n fi ìwé ìkìlọ̀ ránṣẹ́ sí èmi náà lórí ọ̀rọ̀ eérú. Mo fi bíírò pupa tún gbólóhùn inú rẹ̀ ṣe, mo sì dá a padà fún un.

O ní kí n kọ ọ́. Ó dáa. Nígbà tí ìyá rẹ ń lọ, ó béèrè rẹ lẹ́ẹ̀kan, Gerta sì sọ fún un pé o wà lọ́nà. Irọ́ ni, ìyá rẹ sì gbà á gbọ́, ó sinmi. Mo ti jẹ Gerta ní gbèsè irọ́ kan látìgbà yẹn.

Tí kò bá wù ọ́ láti bá ààrò mi gbé, yàrá kan ṣófo lókè ilé búrẹ́dì. Mi ò ní bínú. Ṣùgbọ́n ọjọ́ Àìkú, ibi tí ẹran bá wà ni kí o wà.

Bàbá rẹ


Lórí ìdérí garawa irin, ní òpópónà Barbara Mímọ́
23 Oṣù Kẹrin

Awakọ̀,

Ẹ kú iṣẹ́ òwúrọ̀, ìwọ àti àwọn méjì tó wà lẹ́yìn. Mò ń fẹ́ jáde kí ọ, ṣùgbọ́n ọkọ̀ rẹ kì í sọ fún ènìyàn pé òun ti dé. Lánàá, ibi tí mo ti ń wá bàtà ni o ti kọjá lọ.

Wàá rí i pé eérú inú garawa yìí pọ̀ ju ti ààrò kan lọ. Ó pọ̀ ju ti ààrò méjì lọ pẹ̀lú. Gbogbo àwọn tí kò ní ààrò ló ń gbé e kọjá lórí ògiri wá bá mi báyìí, pẹ̀lú ìdérí lórí páànù wọn, Gerta ló ṣáájú. Má bi mí ní ìbéèrè.

Mo ti ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ dé ìsàlẹ̀. Ó ti tutù. Ki ọwọ́ tìrẹ náà bọ̀ ọ́ kí o tó gbé e.

Bàbá rẹ